Islay, Erékùṣù Tó Fi Àìní Ṣe Ọrọ̀

Bí a bá dárúkọ Skọ́tlándì létí ọ̀pọ̀ Yorùbá, òtútù, ọkùnrin tó ró aṣọ bíi yẹ̀rì àti ọtí wísíkì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó bá wá gbọ́ pé àwọn èèyàn ń wọ bàálù láti Japan, Amẹ́ríkà àti Jámánì, tí wọ́n tún ń wọ mọ́tò, tí wọ́n tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n ṣáà lè dé erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ti ń pọn ọtí yìí, á ní ọ̀mùtí lásán ni wọ́n. Islay ni erékùṣù ọ̀hún ń jẹ́, Áílà sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì ló wà, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń ya lu ilẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,200 lọ, síbẹ̀ ilé ìpọntí mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tún ti Port Ellen ṣí ní 2024, tí ó di mẹ́wàá. Èrò tèmi ni pé ọtí kọ́ ni ohun tó tóbi jù tí èèyàn lè lọ wò ní Islay. Ohun tó yẹ kéèyàn lọ wò ni bí ìnira ṣe ń di ohun iyì. Èéfín tó wà nínú ọtí náà, àwọn abúlé etí òkun rẹ̀, àfonífojì rẹ̀ tó dá páropáro, òkúta ìrántí tó wà lórí òkè rẹ̀: kò sí èyí tí àlejò ń sanwó wò lónìí tí kò ti inú àìní tàbí àdánù jáde. Ẹni tó bá torí ìgò nìkan lọ kò ní rí èyí. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti lọ nítorí ìgò kò ní rí i bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi èéfín, nítorí òun ni imú ẹni tó bá ṣí ọ̀pọ̀ ọtí Islay yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí igi ráyè dàgbà dáadáa ní erékùṣù náà. Òjò ni kò wọ́n wọn. Níbi tí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ sórí ilẹ̀ tí omi kì í tètè fà, koríko àti ewédò tó bá kú kì í jẹrà tán. Ńṣe ni wọ́n ń gun ara wọn lórí nínú omi títí wọn yóò fi di ilẹ̀ dúdú kan tó ki, tó sì rọ̀. Píìtì ni orúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n mìlímítà kan péré ló ń fi ga sí i lọ́dún, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ ní mítà kan ti gbẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ gé e ní ègé gígùn, wọ́n á tò ó síta kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, wọ́n á sì kó o sílé fún ìdáná. Òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń yáná, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbẹ ọkà.

Ní Laphroaig àti Bowmore, wọ́n ṣì ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà àtijọ́, ó sì tó ohun tí èèyàn ń dúró wò pẹ́. Wọ́n á rẹ ọkà báálì sínú omi, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn gbàràmù kan kí ó hù. Ọkà tó bá ń hù máa ń gbóná, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa wé mọ́ra, ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa fi ṣọ́bìrì onígi yí i padà tọ̀sán-tòru. Nígbà tí adùn bá ti ń jáde lára ọkà, ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ ewé, wọ́n á kó o lọ sí àjà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dá lu wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi píìtì dáná sísàlẹ̀ rẹ̀. Èéfín tó rú sókè yóò wọ ọkà náà lára, ooru yóò sì dá híhù rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á da omi gbígbóná lé e lórí kí adùn rẹ̀ lè ṣàn jáde, ìwúkàrà yóò sọ omi dídùn náà di ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fara jọ bíà, wọ́n á sì sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà ńlá ọlọ́rùn gígùn. Oru tó bá gba ọrùn ìkòkò kọjá ni wọ́n ń mú tutù tí yóò fi padà di omi. Omi gaara yìí kò tíì jẹ́ wísíkì lójú òfin. Ó di ìgbà tó bá lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù lórí ilẹ̀ Skọ́tlándì. Ọ̀pọ̀ ń lo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àgbá sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́dọọdún.

Kò sí ẹni tó jókòó gbìmọ̀ pé kí ọtí òun máa gbóòórùn èéfín. Ohun tí wọ́n ní nítòsí ni wọ́n fi dáná. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èédú dé àwọn àgbègbè mìíràn ní Skọ́tlándì, ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí níbẹ̀ dín píìtì kù, ọtí wọn sì fúyẹ́ lẹ́nu sí i. Ọkọ̀ ojú irin kò lè rìn lórí òkun dé Islay. Èéfín náà dúró, ó sì di ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Òkun tó dí ọ̀nà mọ́ wọn yìí kan náà ni ọ̀nà wọn. Etí omi ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìpọntí náà sí, pẹ̀lú èbúté tiwọn, kí ọkọ̀ lè já ọkà sílẹ̀ kí ó sì kó àgbá ọtí lọ. Orúkọ ilé ìpọntí tí wọ́n fi lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà dúdú kọ sára ògiri funfun tó dojú kọ òkun, tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ó wúlò fún àwọn atukọ̀ nígbà yẹn.

Owó orí ni àdánwò kejì. Ọdún 1644 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì kọ́kọ́ gbé owó orí lé ọtí líle. Lẹ́yìn tí Skọ́tlándì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀ di ìjọba kan ní 1707, owó náà ń lé sí i. Ní 1725, ìjọba Lọ́ńdọ́nù gbé owó lé ọkà híhù tí wọ́n fi ń pọntí, ìlú Glasgow sì gbaná jẹ. Àwọn èèyàn ya wọ ilé Daniel Campbell ará Shawfield, aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó lọ́wọ́ sí òfin náà, wọ́n sì bà á jẹ́ kanlẹ̀. Ìjọba mú kí ìlú san owó gbà-má-bínú fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Campbell ra gbogbo erékùṣù Islay. Òwò òkun, pàápàá tábà, wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. Oko Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń gbin tábà yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rìn lórí ilẹ̀ Islay láìmọ èyí. Ọ̀nà tí owó gbà dé ibẹ̀ kọjá lára àwọn èèyàn wa.

Ìyà owó orí yìí ló kó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ sínú àfonífojì àti ihò àpáta, níbi tí wọ́n ti ń sè ọtí ní bòókẹ́lẹ́ kí àwọn agbowó-orí má bàa rí èéfín wọn. Fún àgbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ ní owó lọ́wọ́, ọtí ni ọ̀nà tó yá jù láti sọ ọkà di owó. Ní 1823, ìjọba yí ọwọ́ padà: ó dín owó orí kù, ó sì mú kí gbígba ìwé àṣẹ rọrùn sí i, èyí tó wá sọ ọtí abẹ́ òfin di èyí tó lérè ju ti bòókẹ́lẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà, nígbà tó ń ṣàkóso Nàìjíríà, fòfin de ògógóró, ó sì ń fi ọlọ́pàá dọdẹ àwọn tó ń sè é, bẹ́ẹ̀ owó bodè orí jínì tí wọ́n ń kó wọ̀lú wà lára ohun tó ń kún àpò rẹ̀. Kò sí irú òfin 1823 kankan fún ẹlẹ́mu àti asè-ògógóró wa títí àwọn amúnisìn fi kógbá wọlé. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọtí ìbílẹ̀ kan fi wà nínú páálí aláràbarà ní pápákọ̀ òfurufú, tí òmíràn sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìnkùlé, kí ó wo ibẹ̀ dáadáa kó tó sọ pé ọwọ́ ẹni tó sè é ló fà á.

Ilẹ̀ Islay fúnra rẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn Campbell tó jogún erékùṣù náà kọ́ àwọn ìlú etí òkun tí àlejò ń yìn lónìí. Bowmore ni wọ́n tẹ̀ dó ní 1768, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó rí kìrìbìtì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé wọn ò fẹ́ kí ó ní igun kankan tí èṣù lè sá pamọ́ sí. Port Ellen dé ní 1821, Port Charlotte ní 1828. Nígbà tó fi máa di 1831, nǹkan bí 15,000 èèyàn ló ń gbé Islay, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ó lé tàwọn tó wà níbẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dùnkún, tó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn tálákà, kú sí oko ní 1846. Gbèsè wọ onílẹ̀ lọ́rùn, erékùṣù náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn Campbell, àwọn èèyàn sì ń kó lọ sí Glasgow àti Kánádà. Lórí ilẹ̀ Oa ní ìhà gúúsù, John Ramsay ni onílẹ̀ tuntun, òun náà ló ni ilé ìpọntí Port Ellen. Ní àwọn ọdún 1860, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń sanwó ilẹ̀ fún un kó kúrò lọ sí Ontario. Àwọn kan ní ìrànlọ́wọ́ ló ṣe fún wọn, àwọn kan ní lílé ló lé wọn. Èyí tó wù kó jẹ́, ògiri ilé wọn ṣì wà nílẹ̀ láàárín koríko, láìní òrùlé, àgùntàn sì ń jẹ̀ yí i ká. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìpolówó bá ń yin Islay pé ó dákẹ́ rọ́rọ́, pé kò sí èrò, kí òǹkàwé rántí pé Ọlọ́run kọ́ ló dá a bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Ní orí Oa yìí kan náà, níbi tí àpáta ti já ní gbàǹgbà sínú òkun, ni ilé ìṣọ́ olókùúta kan dúró sí. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ ní 1920, fún ìrántí àwọn tó kú sínú òkun nítòsí ibẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 1918, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì yin àdó olóró lu ọkọ̀ Tuscania, tó ń kó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 2,000 lọ sójú ogun. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní 200 ṣòfò, òkun sì ń gbé òkú wọn wá sí etíkun Islay. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nínú ìjì líle, ọkọ̀ Otranto kọlu ọkọ̀ mìíràn, ó sì fọ́ sórí àpáta nítòsí Machir Bay ní Islay. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 400. Ọlọ́pàá ò ju mélòó kan lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Ọ̀gá wọn, Sájẹ́ńtì Malcolm MacNeill, ń lọ láti etíkun kan dé èkejì, ó ń kọ àpèjúwe òkú kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: àwọ̀ irun, àpá ara, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara nípa fífín, ohun tó wà nínú àpò. Ó mọ̀ pé ìyá ẹnì kan ní òkè òkun lọ́hùn-ún yóò béèrè. Ìwé náà ṣì wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin àwọn ti Tuscania, wọ́n wá rí i pé kò sí àsíá Amẹ́ríkà kankan ní Islay. Àwọn obìnrin kan jókòó ti aṣọ, wọ́n ń wo àwòrán inú ìwé, wọ́n sì fi òru rán ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ ìsìnkú. Àsíá yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n yá àwọn ará Islay ní àsíá náà kí wọ́n lè tún fojú kàn án nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn ní Port Charlotte. Mo ka èyí sí ohun tó níye lórí ju gbogbo àgbá tó wà ní Islay lọ. Erékùṣù tí ogun náà ń pa àwọn ọmọ tirẹ̀ lójú ogun Faransé, òun ló ń tẹ́ òkú ọmọ olómọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àwọn ohun àtijọ́ mìíràn wà tí mo máa yára kọjá lórí wọn, kì í ṣe pé wọ́n kéré. Àgbélébùú Kildalton, tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta kan ṣoṣo ní ọ̀rúndún kẹjọ, ṣì dúró nínú afẹ́fẹ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí Kéènì tó ń pa Ébẹ́lì lára rẹ̀. Ní Finlaggan, lórí erékùṣù kékeré inú adágún, ni àwọn MacDonald, Olúwa àwọn Erékùṣù, ti ń jọba lórí etíkun ìwọ̀ oòrùn títí ọba Skọ́tlándì fi gba oyè náà lọ́wọ́ wọn ní 1493. Ìtàn sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ á fi ẹsẹ̀ bọ inú ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, láti fi hàn pé òun yóò tọ ipasẹ̀ àwọn tó ṣáájú. Yorùbá tó bá mọ ohun tó ń lọ ní ìpèbí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òtútù, ẹyẹ gúùsì tó ń wá láti Greenland máa ń bo pápá Islay, nígbà mìíràn wọ́n ń lé ní 30,000. Wọ́n ń jẹ koríko tó yẹ kí màlúù jẹ, ìjọba sì ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ kò tíì fi ẹnu kò lé lórí.

Àwọn kan yóò ta ko ohun tí mo ń sọ, ẹ̀yìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọn yóò sì fara tì. Wọ́n á ní igi àgbá ló ń fún wísíkì ní èyí tó pọ̀ nínú adùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Sípéènì ni wọ́n ti ń ra àgbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọtí mìíràn pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀ ọkà náà ń ti orí ilẹ̀ ńlá wá. Wọ́n á ní Caol Ila, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Islay, ń fi ọkọ̀ agbépo gbé omi ọtí rẹ̀ sọdá òkun lọ gbó níbòmíràn. Kí ló wá kù tó jẹ́ ti erékùṣù? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, èmi náà kò sì rí ìdí láti gbà pé iyọ̀ òkun ń gba ara igi wọ inú àgbá gẹ́gẹ́ bí àwọn apolówó ṣe ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kì í ṣe pé ilẹ̀ náà wà nínú gbogbo ẹ̀kán ọtí. Ohun tí mo sọ ni pé ìpinnu tí àwọn èèyàn ṣe nínú àìní ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ṣeé rí. Píìtì Islay kò ní igi púpọ̀ nínú, ewédò àti koríko ló pọ̀ níbẹ̀, òórùn tó ń fún ọkà sì yàtọ̀ sí ti àwọn ibòmíràn. Bruichladdich ti ń gba ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ erékùṣù náà, Kilchoman, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, sì wà láàárín oko níbi tí wọ́n ti ń gbin báálì, tí wọ́n ń mú un hù, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Òfin wísíkì ti 2009 dárúkọ Islay láàárín ibi márùn-ún tí a lè kọ orúkọ wọn sára ìgò, kò sì gba ẹni tó pọn tirẹ̀ níbòmíràn láyè láti yá orúkọ náà lò. Àwọn aládìrẹ àti aláṣọ òkè wa tí wọ́n ń rí aṣọ ẹ̀rọ òkè òkun tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ́jà mọ iyì irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó le jù fún mi ni ti píìtì fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ń pa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ sínú, ó ń tú u jáde nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, ẹgbẹ̀rún ọdún sì ni yóò gbà kí mítà kan tó padà wá. Àwọn ológbà òdòdó ní Ilẹ̀ Ọba ń lò ó ju àwọn apọntí lọ fíìfíì, síbẹ̀ ìyẹn kò sọ gbèsè náà di ti ẹlòmíràn.

Àtakò mìíràn ti inú ilé wa wá. Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni sì kà á léèwọ̀, kí wá ni ọmọlúàbí ń wá ní ilé ìpọntí? Mi ò fojú kékeré wo ìbéèrè yìí, àwọn ará Skọ́tlándì gan-an kò sì fojú kékeré wò ó. Ní 2023, àwọn tí ọtí pa ní tààràtà ní orílẹ̀-èdè wọn lé ní 1,200. Ní 2018 ni òfin iye owó tí ọtí kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì fi kún iye náà ní 2024. Láti ìparí 2014, ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà kó wà lára awakọ̀ wọn kéré sí ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìpọntí fi máa ń bu ìpín awakọ̀ sínú ìgò tíńtín kó gbé e lọ sílé. Orílẹ̀-èdè tó ń fi ọtí yangàn ń bẹ̀rù ọtí, ohun méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí kò bá mu ún lè wo ọkà tó ń hù, kó gbóòórùn èéfín, kó gbọ́ ariwo ìkòkò bàbà, kó sì jáde láìtọ́ ohunkóhun wò, kò ní sí ẹni tí yóò fi dandan lé e. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn rárá ṣì ní Finlaggan, Kildalton, Oa, àti iyanrìn Machir Bay tó nà lọ rẹrẹ lábẹ́ ìgbì tí kò ṣeé lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó wá mú mi lọ́kàn jù ni pé ta ló ń jẹ èrè. Suntory ti Japan ló ni Bowmore àti Laphroaig. LVMH ti Faransé ló ni Ardbeg, Rémy Cointreau ti Faransé náà ló ni Bruichladdich, Diageo ti Lọ́ńdọ́nù ló ni Lagavulin, Caol Ila àti Port Ellen. Yàrá ìpàdé ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń pinnu bóyá iná yóò máa jó ní Islay. Ìtàn sì fi hàn pé wọ́n lè pa á. Ní 1981 ni wọ́n ti Ardbeg pa, ní 1983 ni wọ́n ti Port Ellen pa, Bruichladdich náà wọlé sùn láàárín àwọn ọdún 1990, kò jí títí di 2001. Ní Campbeltown, lórí ilẹ̀ Kintyre tó wà nítòsí, ilé ìpọntí tó lé ní ogún ló wà níbẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, méjì péré ló kù kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Ìlú tó bá fi ọtí nìkan ṣe òpó ilé, ọjọ́ tí ẹnu ayé bá yí padà ni òrùlé yóò wó lé e lórí. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àlejò má ṣe fi ilé ìpọntí nìkan ṣe ìrìn àjò rẹ̀. Owó tí ó san ní ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí, apá kan rẹ̀ yóò sọdá òkun lọ. Èyí tó san ní ilé oúnjẹ, ilé ìwọ̀sùn onílé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti lọ́wọ́ apẹja yóò dúró níbẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò ṣe ohun kankan fún ìlú. Ní Bowmore, odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbo ará ìlú wà nínú ilé tí wọ́n ti ń kó àgbá pamọ́ tẹ́lẹ̀, ooru tó bá ṣẹ́ kù lára ìkòkò ọtí ni wọ́n sì fi ń mú omi rẹ̀ gbóná. Àwọn ọmọ erékùṣù tí òkun yí ká, tí omi òkun náà tutù tó sì léwu, ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, láti Glasgow ni yóò ti gbéra. Bàálù kékeré ń gbé èèyàn débẹ̀ láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sì ń gbéra láti Kennacraig, ó ń gbà tó wákàtí méjì lórí omi. Ìwé àṣẹ ìrìnnà Ilẹ̀ Ọba kan náà ni ọmọ Nàìjíríà fi ń wọ Skọ́tlándì, àwọn èèyàn wa tó sì ń gbé Lọ́ńdọ́nù, Manchester àti Glasgow kò nílò tuntun. Kí wọ́n má ṣe lọ ní ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà ọdún Fèis Ìle, àfi tí wọ́n bá ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́, nítorí èrò tó ń ya wọ̀lú nígbà yẹn ju ibùsùn lọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn yìí ni àwọn ará Islay ń fà báyìí. Ilé tí àwọn èèyàn ìta ń rà fún ìsinmi, tàbí tí wọ́n ń yá àlejò, ń jẹ́ kí ilé wọ́n fún ọ̀dọ́ tó bí sí ibẹ̀ tó sì ríṣẹ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbójú lé náà gbó débi pé ní 2022, wọ́n ní kí wọ́n kan méjì tuntun fún wọn ní Turkey. Ìlú tó sọ èèyàn 15,000 di 3,200 ní láti pinnu bóyá èrè tí àìní àtijọ́ mú wá yóò tó láti dá àwọn ọmọ rẹ̀ dúró, ìpinnu náà sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà, àwọn tó ń ṣòfin, àti àwa tó ń ṣe àlejò wọn.